Ṣé kí n dúró di ìgbà tí mo bá lè wọ híjáàbù kí n tó gba Ìsìláàmù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta ni ilé wa, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka Àlùkùráánì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, ọkàn mi sì ti gbà pé ẹ̀sìn tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Kò sí ọkùnrin kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà. Híjáàbù ló ń dá mi dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí sọ pé tí mi ò bá tíì lè wọ̀ ọ́, kí n má tíì jẹ́rìí, torí àgàbàgebè ni màá jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ti ń bá wọn tajà ní Balógun, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo máa ń rán wífọ́ọ̀nù, mo sì máa ń lẹ èékánná. Mi ò mọ ohun tí ọ̀gá mi máa sọ. Èyí tó wá le jù ni ti màmá mi: ọjọ́ tí wọ́n bá rí mi nínú híjáàbù, ilé á dàrú. Ṣé dandan sì ni kí n yí orúkọ mi padà? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ ṣeun, mà.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, má dúró de híjáàbù. Ìjẹ́rìí ló ń sọ èèyàn di Mùsùlùmí. Híjáàbù wà lára iṣẹ́ tí Mùsùlùmí obìnrin ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Ẹni tó bá ní kó o dúró síta títí wàá fi lè ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ilé, ire ló ń rò lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tọ̀nà. Àgàbàgebè ni ẹni tó ń fi ẹnu sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé àṣẹ Ọlọ́hun ni híjáàbù, tí agbára rẹ̀ kò sì tíì ká a, aláṣekù ni. Ohun tó kù yẹn, àforíjìn ni yóò máa tọrọ lé e lórí, yóò sì máa gbìyànjú. Kò sọ ọ́ di aláìgbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ń sún ìjẹ́rìí síwájú, kò sẹ́ni tó bá a ṣàdéhùn pé ilẹ̀ ọ̀la á mọ́ bá a.

Inú mi dùn pé o sọ pé kò sí ọkùnrin nídìí rẹ̀. Nítorí àwọn mìíràn tí wọ́n máa ka ìdáhùn yìí, mo fẹ́ kó yé wọn pé Súrà karùn-ún nínú Àlùkùráánì, ẹsẹ karùn-ún, gba ọkùnrin Mùsùlùmí láyè láti fẹ́ obìnrin oníwà mímọ́ láàárín àwọn tí a fún ní Ìwé ṣáájú wa. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè fi yìgì fipá mú ọmọbìnrin Kìrìsìtẹ́nì yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Súrà kejì, ẹsẹ 256, ti sọ ọ́ pé kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí kò gùn: Ash-hadu an laa ilaaha illa Llaahu, wa ash-hadu anna Muhammadan rasuulu Llaahi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lóòótọ́ àyàfi Ọlọ́hun, mo sì jẹ́rìí pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Tí o bá sọ ọ́ tìmọ̀tìmọ̀, tí ọkàn rẹ sì gbà á, o ti di Mùsùlùmí nìyẹn, ì báà jẹ́ inú yàrá rẹ ni o ti sọ ọ́. Kò sí owó kankan tí èèyàn ń san lé e lórí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, nítorí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá nílò wọn: ọjọ́ yìgì, ọjọ́ tí o bá fẹ́ lọ sí Háájì, àti ọjọ́ tí èèyàn ò ní lè fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ìsìnkú tó fẹ́. Béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mọ́sáláásí tó o bá ti ṣe é, kó o sì pa á mọ́ síbi tó dára.

Nígbà tó jẹ́ Balógun lo wà láti àárọ̀, Mọ́sáláásí Ṣítà-Béè tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894 ní òpópónà Martins kò jìnnà sí ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Mọ́sáláásí Àpapọ̀ Èkó tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe. Ọjọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀ ni kó o lọ, lẹ́yìn ìrun Àílà, ìyẹn ìrun ọ̀sán, nígbà tí èrò ti dínkù. Tí o kò bá fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ síwájú kí wọ́n sì gbé makirofóònù sí ọ lẹ́nu, sọ fún lémọ́mù tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Fún ẹ̀kọ́, wá ibi tí obìnrin ti ń kọ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó níbí lọ́dún 1923, ní ẹ̀ka káàkiri. NASFAT, ẹgbẹ́ àdúrà àwọn Mùsùlùmí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe Àsàlátù, ìpàdé àdúrà tiwọn, ìyẹn sì rọrùn fún ẹni tó ń tajà láti Mọ́ńdè dé Sátidé. FOMWAN, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin Mùsùlùmí láti 1985, mọ ibi tí kíláàsì àwọn obìnrin wà.

Kó o tó lọ, tún èékánná àti irun rẹ ṣe. Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Èkó ti máa ń kọsẹ̀, tí kì í sì í sẹ́ni tó ń sọ fún wọn. Omi gbọ́dọ̀ kan ara kí ìwẹ̀ ìmọ́ tí ẹni tó ń wọ Ìsìláàmù ń wẹ̀, àti àlùwàlá tí à ń ṣe ṣáájú ìrun, tó pé. Kútẹ́ẹ̀sì máa ń ṣe bí awọ lé èékánná lórí, omi kì í kọjá nínú rẹ̀. Èékánná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọwọ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ìpéǹpéjú tí wọ́n fi gúlù lẹ̀. Làálì kò ní wàhálà, nítorí àwọ̀ lásán ló ń fi sílẹ̀. Má fi eyín tàbí abẹ ṣí èékánná tó o lẹ̀ o, èékánná tìrẹ á bá a lọ. Jẹ́ kí ẹni tó bá ọ lẹ̀ ẹ́ fi asetóònù rẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, á sì rọra ṣí fúnra rẹ̀. Ní ti wífọ́ọ̀nù, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi rán an bo awọ orí mọ́lẹ̀, tí omi ò fi ní débẹ̀ dáadáa. Ìkejì ni pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún obìnrin láti máa so irun mìíràn mọ́ irun rẹ̀. Lọ sọ́dọ̀ onídìrí rẹ, kó tú u, kó sì bá ọ di irun orí tìrẹ. Irun dídì kò dí ìwẹ̀ lọ́wọ́: ìyá wa Ummu Salamah, ìyàwó Ànábì, béèrè bóyá kí òun tú ìdì irun òun fún ìwẹ̀ jánábà, ìyẹn ìwẹ̀ ìmọ́ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, Ànábì sì ní rárá, kó da omi sórí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí omi dé ìdí irun.

Bí wàá ṣe wẹ̀ nìyí. Gbà á lọ́kàn pé ìwẹ̀ ìmọ́ ti ẹ̀sìn lo fẹ́ wẹ̀. Fọ ọwọ́ méjèèjì, fọ abẹ́, ṣe àlùwàlá. Da omi sórí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, fi ìka ra ìdí irun. Bọ́ sí ọ̀tún ara, kó o tó bọ́ sí òsì, títí omi yóò fi kárí, tó fi mọ́ ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdodo àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ ṣòfò: ìwọ̀n múùdù kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá, múùdù sì ni ohun tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí a pa pọ̀. Píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan ààbọ̀ ti tó o fún àlùwàlá, ó tilẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà máa ń fi ìrun sílẹ̀ pé kò sí omi, nígbà tí omi tó tó àlùwàlá wà lábẹ́ káńtà wọn.

Ìrun ni kó o kọ́kọ́ gbájú mọ́, ṣáájú híjáàbù. Ẹni tó bá ń kírun lẹ́ẹ̀máàrún lójúmọ́ á rí i pé òun ń wọ híjáàbù lẹ́ẹ̀máàrún lójúmọ́, torí kò sí bó ṣe máa kírun láìbo orí. Ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n, ooru rẹ̀ á mọ́ ọn lára, ìtìjú á sì dínkù. Èyí tó bá kọ́kọ́ sáré wọ híjáàbù láìní ìrun, ìgbà tí àwọn ará ilé bá gbógun tì í, kò ní ohun tó máa di mú.

Rákáà 17 ló wà lójúmọ́: méjì ní Àsùbáà, mẹ́rin ní Àílà, mẹ́rin ní Àlàásárì, mẹ́ta ní Mọ̀gàríbì, mẹ́rin ní Ìṣáì. Fáátíà, Súrà àkọ́kọ́ nínú Àlùkùráánì, ni kó o kọ́kọ́ há, ẹsẹ méje péré ni. Kí o tó há a tán, máa sọ Subhaana Llaahi, Alhamdu lillaahi, Laa ilaaha illa Llaahu, Allaahu Akbar ní ipò rẹ̀, kó o sì máa kírun lẹ́yìn ẹlòmíràn nígbà tó bá ṣeé ṣe. Má fi ìwé tí wọ́n fi ABD kọ nìkan há a. Ahọ́n Yorùbá máa ń mú kí àwọn lẹ́tà kan tó le lédè Lárúbáwá rọ̀. Wo ìyyáàka ní ẹsẹ karùn-ún: tí o bá gé yí méjèèjì sí ẹyọ kan, ìtumọ̀ á kúrò ní «Ìwọ nìkan» á di ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Jẹ́ kí olùkọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ní ẹsẹ kan lójúmọ́, lọ́sẹ̀ kan o ti parí rẹ̀.

Àsìkò ìrun ní Èkó kì í yí púpọ̀. Àsùbáà máa ń wọlé láàárín aago 5:15 sí 5:45 àárọ̀, oòrùn a sì yọ ní bí 6:30 sí 7:00. Àílà bọ́ sí bí 12:30 sí 1:00, àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Àlàásárì wọlé ní bí aago mẹ́rin, kó o kí i ní ọjà kó o tó kúrò. Mọ̀gàríbì ló máa ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́: oòrùn ń wọ̀ láàárín 6:30 sí 7:05, Ìṣáì sì ń wọlé lẹ́yìn bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí o bá wọ danfó ní Ìdúmọ̀tà ní aago mẹ́fà ààbọ̀, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì mú yín lórí afárá Carter, àsìkò á lọ lójú rẹ. Kí Mọ̀gàríbì lórí Erékùṣù kó o tó wọkọ̀. Nígbà tí o bá ń rí nǹkan oṣù, o ò ní kírun, o ò sì ní san án padà. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì tó bá bọ́ sí i nìkan lo máa san padà.

Ó kan híjáàbù wàyí. Súrà Núúrì, ẹsẹ 31, ló ní kí àwọn obìnrin onígbàgbọ́ fi ìbòrí wọn bo àyà wọn. Súrà 33, ẹsẹ 59, sì sọ nípa aṣọ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń gbé lé ara tí a bá jáde. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ gbà ni pé gbogbo ara ni a ó bò àyàfi ojú àti ọwọ́, kí aṣọ náà má fún, kó má sì hàn sódì. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé kí a bo ojú náà, àwọn ẹlẹ́hàá wa sì ń tẹ̀ lé wọn. Má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kò sí òfin pé dúdú ni kó jẹ́. Ìró àti bùbá tó gbilẹ̀, tí apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, Mùsùlùmí gidi ni ẹni tó wọ̀ ọ́. Gèlè nìkan kò tó, nítorí ọrùn, etí àti àyà wà níta. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé ìborùn lé e, tí o fa á wá sábẹ́ àgbọ̀n, tí o sì fi píìnì kan mú un, ó ti parí.

Aṣọ lo ń tà, ojú rẹ mọ aṣọ, nítorí náà má jẹ́ kí wọ́n fi ṣífọ́ọ̀nù tàn ọ́. Ṣífọ́ọ̀nù rẹwà lóòótọ́, àmọ́ kì í mu òógùn, ó ń yọ̀, ó sì máa ń hàn sódì. Na ọwọ́ rẹ sẹ́yìn aṣọ náà níta gbangba, nínú oòrùn: tí o bá lè ka ìka rẹ, kò bo ni. Jẹ́sì, ìyẹn aṣọ tó ń fà, kì í yọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì gbóná ní Balógun. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a hun dáadáa ni mo fẹ́ fún ọ ní ọjọ́ iṣẹ́. Kíréèpù tó wúwo díẹ̀ dára fún òde. Èyí tó funfun tàbí tó rọ̀ láwọ̀ máa ń hàn tí òjò bá pa á. Híjáàbù gbọọrọ tí wọ́n ń tà kiri sábà máa ń gùn tó 180 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 70. Tí àyà rẹ bá tóbi, 70 kò ní tó, wá 80 sí 90. Tí télọ̀ bá máa rán híjáàbù tó dé ìbàdí fún ọ, yáàdì méjì sí méjì ààbọ̀ nínú aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 60 tó. Wọ fìlà abẹ́nú kó tó wọn ojú rẹ: kó fi tépù yí ojú po gba abẹ́ àgbọ̀n, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ tépù. Èyí tó bá fún máa ń fa orí fífọ́, èyí tó bá ṣí máa ń jẹ́ kí irun yọ níwájú, a ó sì máa fọwọ́ tún un ṣe ní gbogbo ọjọ́.

Híjáàbù mẹ́ta ti tó láti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ra fìlà abẹ́nú òwú tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, torí òun ló ń mu òógùn, òun ni a sì ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Òórùn tí àwọn kan máa ń sọ pé híjáàbù ń mú wá, fìlà tí a kò fọ̀ ló ń mú un wá, àti irun tutù. Má ṣe bo irun tó ṣì tutù rárá. Egbò àti ìfọ́fọ́ orí kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí onídìrí fa iwájú orí rẹ le, nítorí ìdì líle lábẹ́ fìlà tó fún ló ń jẹ iwájú orí wọ̀nyẹn. Tú irun sílẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ ní alẹ́ nígbà tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló wà pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ tí kò pọn dandan kí o bo orí níwájú wọn.

Wíwé rẹ̀ rọrùn. Fìlà abẹ́nú kọ́kọ́ lọ sórí, kí etí rẹ̀ dé ìlà irun. Gbé aṣọ lé e, kí apá kan gùn ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì. Fa méjèèjì wá sábẹ́ àgbọ̀n, mú un pẹ̀lú píìnì kan. Gbé apá gígùn gba iwájú àyà, gba orí èjìká kejì, tẹ́ ẹ kó gbilẹ̀, kó o sì fi píìnì kejì mú un lórí èjìká. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni apá kúkúrú, tí a máa ń dá sí ẹ̀yìn tí àyà á fi hàn. Jẹ́ kó wà níwájú lábẹ́ apá gígùn. Píìnì olóòfà dára ju oníbẹ́rẹ́ lọ, kì í fa aṣọ ya. Jọ̀wọ́, jọ̀wọ́, má fi ètè di píìnì mú nígbà tó o bá ń wé e. Ẹ̀rín kan tàbí ikọ́ kan tó, á bọ́ sọ́nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, iléewòsàn ni wọ́n sì ti máa ń yọ ọ́.

Ní Èkó, ewu tó tún wà ni kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà. Etí híjáàbù tó ń fẹ́ lẹ́yìn máa ń há sínú táyà, á sì fa ọrùn. Pa á jọ, jókòó lé e, tàbí kí o kì í bọ inú báàgì tó o gbé síwájú. Ṣọ́ra bákan náà fún ilẹ̀kùn danfó tó ń yọ́ lọ, jẹnẹrétọ̀ àti fáànù ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àti iná gáàsì. Aṣọ oníke bíi ṣífọ́ọ̀nù kì í jó bí òwú, ńṣe ló máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ awọ. Tí o bá fẹ́ dáná, aṣọ òwú kúkúrú, kí a sì dì í sẹ́yìn.

Tí o kò bá lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, èyí ni ọ̀nà tí mo mọ̀ pé ó máa ń gbé èèyàn dé ibẹ̀. Tọ́jú híjáàbù ìrun sínú báàgì rẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó aṣọ tó fún àti tó ṣí kúrò. Aṣọ gígùn àti apá gígùn kì í fa ìbéèrè rárá. Lẹ́yìn náà, bo irun rẹ ní ọjà, níbi tí ìwọ nìkan ti jẹ́ ọmọ ilé rẹ. Èyí tó kù ni àdúgbò àti ilé. Ṣùgbọ́n fi ọjọ́ kan sí i, kó o sì sọ ọjọ́ náà fún olùkọ́ rẹ. Díẹ̀díẹ̀ tí kò lọ́jọ́ ni ó máa ń di ọdún mẹ́ta.

Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ kó tó rí i. Nǹkan méjì lo máa sọ: mo fẹ́ máa bo orí, n ó sì nílò ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún Àílà, mẹ́wàá fún Àlàásárì. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ní yunifọ́ọ̀mù, sọ pé àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù náà lo máa fi rán híjáàbù. Ní ti òfin, abala 38 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ padà àti láti fi í hàn. Ní 17 oṣù Òkúdù, 2022, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́, adájọ́ márùn-ún sí méjì, pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí máa wọ híjáàbù ní iléèwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Iléèwé ìjọba ni ìdájọ́ náà sọ̀rọ̀ lé lórí. Má fi í halẹ̀ mọ́ ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù tara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù ló ń yanjú irú èyí.

Orúkọ: rárá, kò pọn dandan. Àyàfi orúkọ tó bá ń fi èèyàn ṣe ẹrú ohun mìíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́hun, ìyẹn ni à ń yí. Ayọ̀délé, Tèmítọ́pẹ́, Olúwaṣeun, kò sí èyí tó ṣe nǹkankan nínú wọn. Tí o bá fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní Àíṣátù ní kíláàsì, kò gba ìwé. Ṣùgbọ́n yíyí i padà lábẹ́ òfin túmọ̀ sí ìwé ìbúra ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, NIN, BVN àti àkáǹtì báńkì, ìwé ẹ̀rí iléèwé á sì ṣì máa jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Má fi wàhálà yẹn kún èyí tó wà ní ọrùn rẹ lọ́dún yìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ màmá rẹ, òun sì ni mo rò jù nínú lẹ́tà rẹ. Súrà Lukmáànù, ẹsẹ 14 àti 15, sọ ìnira tí ìyá fi lóyún ọmọ, ó sì sọ pé tí àwọn òbí bá ń rọ̀ ọ́ láti fi nǹkan mìíràn bá Ọlọ́hun dọ́gba, má tẹ̀ lé wọn nínú ìyẹn, àmọ́ máa bá wọn gbé láyé pẹ̀lú dáadáa. Nígbà tí ìyá Àsímáù ọmọ Abúbákàrì, tí kò tíì gba Ìsìláàmù, wá kí i, Ànábì ló ní kó da ìbátan pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, kí màmá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kó má jẹ́ ojú wọn ló máa kọ́kọ́ rí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má ṣe é lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, má ṣe é níwájú àlejò. Tí ẹ̀gbọ́n wọn kan bá wà tí wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kọ́kọ́ tọ ẹni náà lọ. Ìdílé Yorùbá wo ni kò ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú? Kúnlẹ̀, kó o sì sọ pé, «Màmá mi, ẹ̀sìn tí ọkàn mi gbà ni mo fẹ́ ṣe. Ọmọ yín ni mo ṣì jẹ́, iṣẹ́ tí mo ń ṣe nínú ilé yìí kò ní dínkù.» Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n bínú, kí wọ́n sunkún. Má jiyàn lórí Bíbélì, má ka àṣìṣe pásítọ̀ wọn lé wọn lórí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń da ilé rú gan-an nìyẹn, kì í ṣe nínú híjáàbù.

Tí o bá mọ̀ pé wọ́n lè lé ọ jáde tàbí kí wọ́n nà ọ́, sọ fún olùkọ́ obìnrin rẹ kó o tó sọ ọ́ fún màmá rẹ, kí ẹ sì ti mọ ilé tí o máa sùn. O lè gba Ìsìláàmù kí o sì fi ìkéde sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ìpalára bá wà, Ọlọ́hun mọ̀. Àwọn kan á ní kó o má kúnlẹ̀ kí màmá rẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àáfà Yorùbá ń jiyàn lé lórí ni. Ọlọ́hun nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ìkíni kì í ṣe ìjọsìn, mi ò sì ní jẹ́ kí ìyẹn di ìjà àkọ́kọ́ rẹ nílé.

Máa jẹ oúnjẹ wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí ni kó o yẹra fún, àti ẹran tó kú fúnra rẹ̀. Súrà karùn-ún, ẹsẹ karùn-ún yẹn kan náà, ló fi oúnjẹ àwọn oníwèé ṣe ẹ̀tọ́ fún wa. Nítorí náà, tí màmá rẹ bá se ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹran màlúù ní alẹ́ ọjọ́ tí o sọ fún wọn, kó o fọ ọwọ́, kó o jókòó ti wọn, kó o sọ Bisimillaahi sínú, kó o sì jẹun.